Dókítà Sún-un-Síwájú àti Ẹjọ́ Ilẹ̀ Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn nínú kóòtù n'Ìjẹ̀bú-Òde, tí kì í ṣe lọ́yà, tí kì í ṣe olùpẹjọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀daràn. Àwọn ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ti dẹ́kun bíbi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n rò pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ní ọdún kejì, wọ́n rò pé orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà pé àwọn ò kúkú jìnnà sí òtítọ́.

Dókítà Mọ́rúfù lorúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣèlú ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣèlú ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ láìkàwé. Ti ilé ẹjọ́ ni tirẹ̀: ta ló ń sọ ènìyàn di adájọ́, ta ni adájọ́ ń wojú rẹ̀, kí ló dé tí ẹjọ́ ìbò fi ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, tí ẹjọ́ ilẹ̀ sì ń rìn bí ìgbín tó gbé ilé ìyá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti yan ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí wọ́n gbọ́ pé kò sí ìṣirò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú wọn máa ń là, nígbà tó bá ní kí wọ́n lọ jókòó sí kóòtù, kí wọ́n máa ka ohun tó mú kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Lọ́yà ò wá. Lọ́yà wá, fáìlì ò wá. Fáìlì wá, iná lọ. Iná dé, adájọ́ ti lọ sí ìpàdé l'Ábẹ́òkúta. Adájọ́ dé, ẹlẹ́rìí ti kú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, Dókítà kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. Kíláàsì ló máa ń rẹ́rìn-ín, títí wọn á fi rí ojú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan bi í lọ́jọ́ kan pé, “Sà, ṣé àwọn adájọ́ ń gba nǹkan ni?”

“Mi ò mọ̀. Wọn ò pè mí síbẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ń ṣèwádìí wọn, sà.”

“Ohun tí mo bá fojú rí ni mò ń kà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, mo rí i. Bí adájọ́ bá wo aago lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, mo rí i. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iyàrá, ìwọ bi ìyàwó rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Dókítà Sún-un-Síwájú nìyẹn. Ó mọ̀, kò sì bá wọn jà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ìwé rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kó yẹ̀ wọ́n wò, ó ti pẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ kan dé, ó lọ, òmíràn dé, ó lọ. Ọ̀gá àgbà kan fẹ̀yìn tì, òmíràn gorí àga, ó ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tó ń ka bí wọ́n ṣe ń sún nǹkan síwájú, wọ́n ti sún òun náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Bí ó bá jí, àárẹ̀ náà á jí, wọ́n á jọ wẹ̀, wọ́n á jọ mu ògì.

Ohun tó sì wá ń rẹ̀ ẹ́ jù lọ ni ẹjọ́ kan báyìí tí kò fi kún àwọn tó ń kà, nítorí pé ti ìyá rẹ̀ ni.

Alhaja Ràmọ́tà, ìyá Dókítà, ọmọ Ayépé ni wọ́n. Fálolú ni bàbá wọn, àgbẹ̀ tó bọ Ògún títí tó fi kú. Ìdílé oníṣòwò mùsùlùmí kan n'Ìjẹ̀bú-Òde ló fẹ́ wọn, wọ́n ta aṣọ lọ́jà títí orúnkún wọn fi kọ̀. Ṣùgbọ́n l'Ìjẹ̀bú, obìnrin kì í torí pé ó lọ ilé ọkọ kó má jogún bàbá rẹ̀. Fálolú ti pín ilẹ̀ oko kan fún Ràmọ́tà lójú ayé rẹ̀. Ẹni tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Fátókí, àbúrò wọn, ọbàkan. Lọ́dún kan, ẹ̀gẹ́ Fátókí rìn kọjá ààlà, ó sì rí i pé ibẹ̀ tura, kò padà mọ́.

Àwọn ará ilé ní kí wọ́n gbé obì lọ bá Fátókí, kí wọ́n bá a sọ ọ́. Dókítà ló ní rárá. Ọ̀mọ̀wé ni, kò fẹ́ ariwo, ó fẹ́ kí nǹkan mọ́ létí. Ó ní kí lọ́yà kọ̀wé sí wọn. Fátókí gba ìwé náà, ọmọ wọn kà á fún wọn, àwọn náà sì lọ gba lọ́yà, lọ́yà tiwọn sì kọ ọ́ padà pé Ràmọ́tà ò ní ilẹ̀ kankan níbẹ̀ rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti orí ìwé méjèèjì yẹn ni wọ́n ti dé kóòtù, wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí Màmá jẹ́rìí, wọ́n kọ àga tí wọ́n gbé fún wọn. Wọ́n dúró gbọin nínú àpótí ẹlẹ́rìí, wọ́n ń dárúkọ àwọn tí wọ́n bá pààlà bí ẹni ń ki ọkọ, láti apá ìlà oòrùn yí ká dé etí odò. Adájọ́ ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò bá ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ọjọ́ ogbó ti ń jí ìrántí wọn kó. Ní báyìí, wọ́n lè fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè pe Mọ́rúfù ní orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, kí wọ́n sì bínú pé kò dáhùn. Kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó mọ ààlà ilẹ̀ náà, àfi Fátókí tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Adájọ́ Ìbítáyọ̀ gbọ́ ẹjọ́ tán, tó ní kí wọ́n lọ máa retí ìdájọ́, ara tu gbogbo ilé. Ìrántí Màmá lè máa rìn lọ síbi tó bá wù ú, ẹ̀rí wọn ti wọ ìwé kóòtù. Ohun kan ṣoṣo ló kù: adájọ́ tó gbọ́ ọ náà ló gbọ́dọ̀ dá a. Bí ẹjọ́ bá bọ́ sọ́wọ́ adájọ́ mìíràn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, Màmá á sì tún gun àpótí.

Ibí ni kí n ti sọ ti ìwé Dókítà.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra wọn, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, orúkọ ẹgbẹ́ náà á sì tẹ̀ lé wọn dé sàréè. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lọ kí Ọba lójúde rẹ̀. Dókítà, tí kò lè rí nǹkan kó má kà á, bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí adájọ́ tó jẹ́ ọmọ ìlú ṣe ń ṣe nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ẹbí ẹgbẹ́ rẹ̀, bá ní ẹjọ́ níwájú rẹ̀. Gbogbo ayé ti rò pé yóò gbè é. Ohun tí Dókítà rí kọ́ nìyẹn. Ojú ló ń ti adájọ́. Bí ó bá dá a láre, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ló ṣe. Bí ó bá dá a lẹ́bi, ọdún ń bọ̀, wọ́n á jọ pàdé lójúde Ọba. Nítorí náà, kò ní dá a láre, kò ní dá a lẹ́bi. Yóò sún un síwájú.

Ó kọ ìwádìí náà ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn onímọ̀ kan lókè òkun. Ẹni tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò rí Ìjẹ̀bú rí, béèrè bóyá òǹkọ̀wé náà wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, pàápàá níbi tí òótọ́ ò bá ti ná an ní nǹkan kan. Ó fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni, òun wà nínú rẹ̀, àti pé ọ̀kan lára àwọn adájọ́ tó ń jókòó n'Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ẹgbẹ́ òun. Nígbà náà, ẹjọ́ ìyá rẹ̀ ò tíì dé ọ̀dọ̀ Ìbítáyọ̀. Nígbà tí ó fi máa débẹ̀, ó ti gbàgbé pé òun kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíràn kì í ráyè ka tara rẹ̀.

Jọ́nà náà jáde. Kò sẹ́ni tó kà á. N ò sọ àsọdùn: jọ́nà náà ní ibi tó ń fi iye àwọn tó ṣí i hàn lórí ẹ̀rọ, Dókítà sì mọ̀ pé òun nìkan ló ń ṣí i.

Àṣé ẹlòmíràn ṣí i. Lọ́yà Ayọ̀tọ̀míwá, agbẹjọ́rò Fátókí, akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà ni tẹ́lẹ̀ kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó jókòó sí ìlà iwájú tí kò sì sùn. Ọjọ́ ìdájọ́ ku díẹ̀, ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá sí kóòtù pé kí Adájọ́ Ìbítáyọ̀ yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, nítorí pé ẹgbẹ́ kan ni adájọ́ náà àti ọmọ olùpẹjọ́, àti pé ọmọ olùpẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti fi ìwádìí ìjìnlẹ̀ hàn pé adájọ́ tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í lè ṣe é bó ṣe yẹ. Ó fi jọ́nà náà tì í lẹ́yìn, ó sì fa ìlà sábẹ́ àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹnì kan tọ́ka sí iṣẹ́ Dókítà Mọ́rúfù.

Ó ka ìwé ẹ̀bẹ̀ náà tán, ó jókòó. Ohun tó dùn ún kì í ṣe pé Ayọ̀tọ̀míwá kọ ọ́, ó kọ ọ́ dáadáa. Ohun tó dùn ún ni pé òótọ́ ni. Gbogbo ọdún tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níwájú Ìbítáyọ̀, àrùn tó kọ sínú jọ́nà yìí náà ló ń ṣe ẹjọ́ wọn. Òun tó ń wo àrùn náà lára gbogbo ènìyàn kò rí i nílé ara rẹ̀, torí pé òun ni kòkòrò tó fà á.

Lọ́yà Usamah, agbẹjọ́rò Màmá, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ ń dúró dè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ ó búra pé èrò lásán ni ìwé yẹn.”

“Kì í ṣe èrò lásán. Mo kà á.”

“Ẹ ní ẹ ṣì í kà.”

“Mi ò ṣì í kà.”

Usamah ti fáìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ìjẹ̀bú méjì. Yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti Ayọ̀tọ̀míwá, ta ló ka nǹkan yẹn? Bí ẹ bá sẹ́ ẹ, ta ni yóò mọ̀?”

“Ìdajì gbogbo àwọn tó kà á.”

“Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá yín ò lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn mọ́. Ẹ mọ̀, èmi náà mọ̀. Bí Ìbítáyọ̀ bá yọwọ́, ilẹ̀ lọ nìyẹn.”

Dókítà fa fáìlì náà padà síwájú Usamah. Ó ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé òun àti adájọ́ kò jọ sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà rí. Ìyẹn ò ní irọ́ nínú. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ̀yìn bàbá sísanra kan báyìí ni Ìbítáyọ̀ máa ń sá sí bí ó bá rí i.

Nígbà tó délé, Màmá jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn.

“Wọ́n ní ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ sá fún ẹjọ́ mi.”

“Kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi, Màmá. Ẹgbẹ́ ni wá.”

“Èwo ni ìyàtọ̀?”

“Ọ̀rẹ́, ènìyàn ló ń yàn án.”

“Lọ́yà ní gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń wá lẹ́nu rẹ.”

“Irọ́ ni gbólóhùn náà.”

“Àlùkùráánì ni wọ́n á gbé fún ọ o. N ò ní kí o purọ́.” Wọ́n ti ìlẹ̀kẹ̀ kan kọjá, wọ́n ti òmíràn. “Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì lè sọ ọ́ ni. Láàárọ̀ yìí, mo ní kí n dán an wò. Ìlà oòrùn, Odùkọ́yà. Ìyẹn ò le. Ìwọ̀ oòrùn...”

Wọ́n wojú ògiri. Ògiri ò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ má ṣèyọnu, Màmá.”

“Ta ló ń ṣèyọnu? Jọ̀wọ́, bá mi pe Mọ́rúfù kó wá gbé omi yìí kúrò lóòrùn.”

Mọ́rúfù gbé omi náà kúrò lóòrùn.

Ní ọjọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, Ayọ̀tọ̀míwá ní òun fẹ́ bi ẹni tó búra léèrè ọ̀rọ̀. Dókítà kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, ó la kóòtù kọjá, ó wọ àpótí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rí kóòtù láti apá ibẹ̀ nìyẹn. Ó ṣàkíyèsí pé òrùlé ń jò.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Káàárọ̀, Ayọ̀tọ̀míwá. Ilé ńkọ́?”

Adájọ́ wúkọ́.

“Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí, sà?”

“Èmi ni.”

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibi tí mo fa ìlà sí fún kóòtù.”

Dókítà gbé awò ojú wọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè rí. Ó kà á tọkàntọkàn, ó kọjá ibi tí wọ́n fa ìlà sí, ó bọ́ sí ojú ìwé kejì, ó sì ti ń na ọwọ́ láti ṣàlàyé àtẹ ìṣirò kan nígbà tí Usamah di orí mú.

“Ó tó, sà,” Ayọ̀tọ̀míwá ní. “Ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ kọ yìí?”

Dókítà wo ìyá rẹ̀ ní ìlà iwájú. Màmá tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni tó wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń kéwú níwájú àwọn àlejò.

“Òótọ́ ni.”

“Ní ti adájọ́ tó jókòó yìí ńkọ́?”

“Ìwádìí mi ò sọ ti ẹnì kan. Ti gbogbo wọn ló sọ.”

“Ṣé ó wà lára gbogbo wọn, sà?”

“Ayọ̀tọ̀míwá, mo kọ́ ọ dáadáa jù.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ó dúró dè wọ́n títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. “Ó wà lára wọn.”

Adájọ́ Ìbítáyọ̀, tí kì í dá nǹkan lójú ẹsẹ̀, dá èyí lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun yọwọ́. Ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dìde, ó tẹrí ba fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ sílẹ̀ bí ẹni fi bàtà tó fún un sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Usamah kó fáìlì rẹ̀, kò wo ojú Dókítà. Màmá béèrè bóyá àwọn ti jàre.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí adájọ́ mìíràn. Obìnrin ni, wọ́n gbé e wá láti Abẹ́òkúta, kò ní ẹgbẹ́ kankan n'Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ọjọ́ pé tí Màmá yóò tún jẹ́rìí, wọ́n gba àga tí wọ́n gbé fún wọn. Dókítà wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáàárín itan.

“Alhaja,” Usamah rọra bi wọ́n, “àwọn wo lẹ bá pààlà?”

“Lápá ìlà oòrùn, èmi àti ìdílé Odùkọ́yà.”

“Ó dáa. Lápá ìwọ̀ oòrùn ńkọ́?”

Màmá ń wo ọwọ́ wọn. Fáànù ń yí lókè. Usamah ò gbọdọ̀ fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu, òfin ò gbà á. Dókítà mọ òfin náà dáadáa, ó ń fi kọ́ àwọn ọmọ.

“Ìwọ̀ oòrùn,” Màmá sọ nígbẹ̀yìn, “èmi àti Alhaji Súmọ́nù.”

Alhaji Súmọ́nù ló ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jà nígbà ayé rẹ̀. Kò dé Ayépé rí. Ayọ̀tọ̀míwá tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Usamah pa ojú dé.

Nígbà náà ni ohùn kan bú jáde ní ìlà iwájú.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Súmọ́nù wo ló dáko l'Áyépé? Ṣóyínfà ni! Ṣóyínfà ẹlẹ́sẹ̀ wíwú!”

Bàbá Fátókí ni. Fìlà wọn wà lórí orúnkún, inú ń bí wọn gidi, bí inú ṣe ń bí ènìyàn tí wọ́n bá ń ṣi orúkọ bàbá rẹ̀ pè.

“Ẹn ẹ́n, Ṣóyínfà,” Màmá sọ. Ojú wọn là. “O ṣeun, Fátókí. Lẹ́yìn rẹ̀ wá ni...”

“Ìdí igi orógbó ti Bàbá gbìn.”

“Tó fi dé odò.”

“Tó fi dé odò, bẹ́ẹ̀ ni.”

Ayọ̀tọ̀míwá ti fò dìde. “Olúwa mi! Oníbàárà mi kò tíì wọ àpótí!”

“Bàbá, ẹ jókòó,” adájọ́ ní. “Ẹ kò tíì búra.”

“Mo jókòó, Olúwa mi. Ẹnu mi ló dìde.”

Adájọ́ ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Ohun tí a kò búra sọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó wo aago, ó wo kàlẹ́ńdà, ìsinmi àwọn adájọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó sún ẹjọ́ síwájú di ẹ̀yìn ìsinmi. Lórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ Dókítà ń wá bírò nínú àpò kó tó rántí ara rẹ̀.

Níta, oòrùn ń mú. Bàbá Fátókí dúró sábẹ́ igi, wọ́n ń retí ọlọ́kadà tí wọ́n bá ṣàdéhùn. Dókítà ti fi Màmá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ti fẹ́ ṣíná.

“Mọ́rúfù,” Màmá ní, “ṣé inú oòrùn lo fẹ́ fi bàbá rẹ sí?”

Dókítà wo ẹ̀yìn. Usamah ń wò ó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, ó ń mi orí pé rárá. Ayọ̀tọ̀míwá náà ń wò ó láti apá kejì, òun náà ń mi orí. Àwọn lọ́yà méjèèjì ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan rí nínú ẹjọ́ náà títí di ìgbà yẹn.

“Bàbá, ẹ wọlé.”

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Wọ́n ti ń jáde nígboro nígbà tí Màmá yíjú sí àbúrò wọn.

“Fátókí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi.”

“O mọ̀ ọ́n pé ilẹ̀ mi dé odò.”

“Mo mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló wá dé tó o fi sẹ́ mi?”

“Ẹ ò bi mí.” Ohùn wọn ò le. “Ẹ̀gẹ́ mi kọjá ààlà, òótọ́ ni. Mo ní ẹ ó wá, ẹ ó bú mi, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó wú u. Lọ́yà lẹ rán sí mi. Èmi ọmọ Fálolú, ọmọ mi ń kà á fún mi pé wọ́n fún mi lọ́jọ́ méje. Mo ní kí lọ́yà tèmi náà máa bá lọ́yà tiyín sọ ọ́.”

Màmá ò wo ẹ̀yìn orí awakọ̀. Wọn ò nílò rẹ̀. Awakọ̀ mọ ẹni tó rán lọ́yà.

“Bàbá, ẹ má bínú,” Dókítà ní.

“Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú, ọmọ mi. Kóòtù jìnnà.”

Wọ́n dé Odogbolu. Dókítà dẹ ẹsẹ̀ lórí iná. Ó sọ fún wọn, bí ẹni ń kọ́ kíláàsì àgbà méjì, pé àwọn méjèèjì lè jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan, kí wọ́n gbé e fún adájọ́, adájọ́ á sì sọ ọ́ di ìdájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí àpótí. Kò sẹ́ni tó máa tún bi Màmá ní ìbéèrè kankan.

“Ṣé wọn ò ní sún un síwájú?” Màmá bi í.

“Wọ́n á sún un, Màmá. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.”

“Kí ló dé tó ò fi sọ èyí láti ọjọ́ yìí?”

Dókítà wo ojú ọ̀nà. “Àwọn tó bá ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló wà fún.”

“Àwa ti ń sọ̀rọ̀ báyìí,” Bàbá Fátókí ní. “Wa ọkọ̀ lọ sí oko. Kí n tó fọwọ́ sí nǹkan, kí gbogbo wa kọ́kọ́ lọ fojú rí i.”

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ayépé, wọ́n wọ inú ẹ̀gẹ́. Màmá di apá ọmọ wọn mú. Fátókí ṣáájú, wọ́n gé ẹ̀ka pèrègún dání, wọ́n ń gbìn ín síbi tó bá ti jẹ́ ààlà, wọ́n ń dárúkọ, Màmá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, wọ́n á ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí Fátókí tó dárúkọ ẹni. Dókítà ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kóòtù. Ó lọ dáadáa títí wọ́n fi dé ìdí orógbó. Igi náà ti kú, kùkùté rẹ̀ ti jẹrà mọ́lẹ̀, kò hàn mọ́. Fátókí ní apá ọ̀hún ló wà. Màmá ní irọ́ ni, apá ìhín ni, àwọn ṣa orógbó rẹ̀ rí. Wọ́n ń jà á, ohùn wọn ń lọ sókè. Lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì yíjú sí i.

“Mọ́rúfù, ìwọ lo kàwé ẹjọ́. Dá a.”

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Bàbá Fátókí. Láàárín gbogbo ọdún tó ti ń ka ti àwọn adájọ́, kò sẹ́ni tó ní kó dá ẹyọ kan rí.

“N ò lè dá a. Ọmọ ọ̀kan nínú yín ni mí.”

Fátókí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú wọn. “Ta ni kò jẹ́ ọmọ ẹnì kan níbí? Ìwọ sọ ibi tí n ó gbìn ín sí, oòrùn ń pa ẹ̀gbọ́n mi.”

Dókítà rìn díẹ̀, ó dúró, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi bàtà rẹ̀ tẹ ilẹ̀ síbì kan láàárín apá ọ̀hún àti apá ìhín. Bàbá Fátókí tẹ̀, wọ́n ti pèrègún bọlẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ kì í. Màmá wò ó títí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” wọ́n ní. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sétí odò.”